ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: RI Ọ̀PÁ MỌ́LẸ̀ KÍ O TÓ GBIN ÒDÒDÓ

*Bíbélì kíkà:* Òwe 22:6, Jòhánù 15:1-8, Àìsáyà 42:3
*Kókó ọ̀rọ̀:* Ohun tí ọ̀mùnú bá kọ́kọ́ fara kàn ni yóò dì mọ́.

  

Ní Agodi níbí, ọgbà méjì ló wà tí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀. Ọ̀kan ni ọgbà òdòdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí àwọn èèyàn ń lọ ṣe fàájì lọ́jọ́ ìsinmi. Èkejì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ wò ó, orúkọ kan náà ni èdè wa fi pe méjèèjì: ọgbà. Odi yí èyí ká, odi yí ìyẹn náà ká. Ìyá kan á gbé kúlà oúnjẹ lọ sí ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọ á máa sáré kiri, wọ́n á máa ya fọ́tò lẹ́bàá òdòdó. Ìyá mìíràn á gbé oúnjẹ lọ sí ti èkejì, á dúró lẹ́nu géètì, omijé á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá ni àwọn méjèèjì o. Àwọn méjèèjì ló lóyún oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ló jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ wọn ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá. Olúwa wa sì ti sọ nínú Mátíù 25 pé ẹni tó bẹ wọ́n wò, òun Jésù gan-an ló bẹ̀ wò. Torí náà, a ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ̀bi níbẹ̀ àti ẹni tí kò jẹ̀bi, gbogbo wọn ló ti jẹ́ ọmọ ìkókó rí. Gbogbo wọn ló ti na ọwọ́ kékeré rí, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn ó dì mú. Kí ni ọwọ́ yẹn bà? Ìbéèrè tó wà níwájú wa láàárọ̀ yìí nìyẹn. Òdòdó ni a ó sì jẹ́ kó bá wa dáhùn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ni mo ń sọ. Òdòdó tó máa ń fà ni, èyí tí kò lè dá dúró fúnra rẹ̀ àfi kó rí nǹkan gùn. Ẹ mọ ejìnrìn, bó ṣe máa ń fà gun ọgbà tó sì máa ń yọ òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú. Irú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan wà tí òyìnbó ń pè ní morning glory, ìyẹn ni pé ògo òwúrọ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti ọ̀dùnkún. Ó máa ń là ní ìdájí, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti ká kò. Òmíràn ni butterfly pea, aláwọ̀ aró, tí àwọn kan ń fi òdòdó rẹ̀ ṣe tíì báyìí. Ìdílé ẹ̀wà lòun. A lè gbin méjèèjì láti orí hóró, nínú ìkòkò tàbí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti gbìn wọ́n rí yóò mọ̀ pé wọ́n ní ìwà, bí ọmọ èèyàn ṣe ní ìwà.

*1. ÈÈPO RẸ̀ LE, ṢÙGBỌ́N OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀ RỌ̀*

Hóró òdòdó yìí dúdú, ó sì le. Tí o bá sọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi lè má wọ inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Òjò á rọ̀, ilẹ̀ á tutù, hóró á ṣì wà níbẹ̀ bí òkúta. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú sańpépà tàbí fáìlì tí a fi ń rẹ́ èékánná, wọ́n á fi ha ẹ̀gbẹ́ kan èèpo náà díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ inú á fi bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èyí tó ti mu omi á ti wú. Èyí tí kò wú, wọ́n á tún un ha. Láàárín ọjọ́ 5 sí 14, morning glory á ti hù. Butterfly pea lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọgbọ́n wà o. Èèpo nìkan ni wọ́n ń ha. Wọn kì í ha ojú hóró náà, ibi tó ti máa sọ. Tí irin bá wọnú kọjá bó ṣe yẹ, hóró yẹn á rà ni. Kò ní hù mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣé ọ̀rọ̀ náà ti yé wa? Ọmọ kan le lórí. O sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kò wọlé. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ pé ọmọdé ni, á yé e tó bá yá, ilẹ̀ ló sọ òkúta sí yẹn. Ìbáwí gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìbáwí tó ń ha èèpo yàtọ̀ sí ìbáwí tó ń gún ojú hóró. "Ohun tí o ṣe yìí kò dáa, lọ tún un ṣe" ń ha èèpo. "O ò lè dáa láyé rẹ, bí bàbá rẹ ṣe rí nìyẹn, olóríburúkú" ti wọ ojú hóró. Ọmọ lè gbàgbé pàṣán, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í gbàgbé. Pọ́ọ̀lù mọ èyí ló ṣe kìlọ̀ fún àwọn bàbá nínú Kólósè 3:21 pé kí wọ́n má ṣe mú àwọn ọmọ wọn bínú, kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì, hóró tó rà ni.

(Ẹ jọ̀ọ́ o, tí ẹ bá ra irúgbìn yìí sílé, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó. Májèlé wà nínú hóró morning glory tí wọ́n bá jẹ ẹ́.)

*2. BỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ PẸ́ŃTÌ NÁÀ TÓ*

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, àwọn ará GRA lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ibo ni àyè òdòdó wà lọ́dọ̀ wa?" Òótọ́ ni pé ní Bẹẹrẹ, Mápó, Ọjà'ba àti Beyerunka, ilé fara kan ilé. Páànù tèmi ń ro omi sórí páànù tìrẹ. Ṣùgbọ́n òdòdó tó ń fà kò bèèrè ilẹ̀ púpọ̀. Òkè ló ń lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì tó ti ṣófo tó fún un. Lu ihò mẹ́rin márùn-ún sí ìdí rẹ̀, torí tí omi ò bá ríbi jáde, gbòǹgbò á rà. Bu ilẹ̀ dúdú sí i. Gbin hóró mẹ́ta, kí ó wọlẹ̀ bí sẹ̀ntímítà 1. Gbé e síbi tí oòrùn ti ń bà á. Ó parí.

Sì jẹ́ kó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí o kọ́kọ́ gbìn ín sí. Òdòdó méjèèjì yìí kò fẹ́ kí wọ́n máa hú gbòǹgbò àwọn kiri. Ọmọ tí wọ́n ń jù láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà sí ọ̀dọ̀ àǹtí, láti ọ̀dọ̀ àǹtí sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń hú yẹn. Mo mọ̀ pé nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ayé ló fà á, owó ò sí, iṣẹ́ gbé òbí lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìrọ̀rùn tiwa nìkan ni, ẹ jẹ́ ká tún un rò.

Torí náà, má sọ pé ìgbà tí o bá kọ́lé tán lo máa tọ́mọ. Yàrá kan náà tó láti gbàdúrà pẹ̀lú ọmọ. Ẹni, àtùpà àti Bíbélì kan tó.

*3. Ọ̀PÁ NI KÓ ṢÁÁJÚ*

Ibi tí mo ń lọ gan-an la dé yìí.

Ẹni tó ń gbin òdòdó tó ń fà gbọ́dọ̀ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ kó tó gbin hóró, ó pẹ́ tán kó jẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, tí o bá dúró dìgbà tó ti dàgbà kí o tó máa gún ọ̀pá mọ́ ọn nídìí, gbòǹgbò lo máa fi gún. Èkejì, òdòdó yẹn kò ní dúró dè ọ́. Gẹ́rẹ́ tó bá ti gùn díẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Darwin, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó kọ ìwé kan jáde ní 1865 lórí àwọn ewéko tó ń gun nǹkan. Ara rẹ̀ kò yá nígbà yẹn, ló bá ní kí wọ́n gbé ewéko sínú yàrá òun, ó ń ṣọ́ ọ. Ohun tó rí ni pé ọ̀mùnú orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń yí po lójú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn. Ọ̀kan tó ṣọ́ dáadáa ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, á tún bẹ̀rẹ̀. Ojú wa kò lè rí i torí pé jẹ́jẹ́ ló ń lọ. Ó ń wá ni. Ohun àkọ́kọ́ tó bá sì fara kàn tó ṣeé dì mú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ mọ́ ọn nìyẹn.

Kò bèèrè pé ṣé ọ̀pá rere ni. Tó bá jẹ́ okùn ìsáṣọ, á lọ́ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ igi ata tí o gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gùn ún títí ata yẹn kò fi ní rímú mí. Tó bá jẹ́ wáyà iná, á gun wáyà, ọjọ́ tí wọ́n bá wá gé e, wọn ò ní bi í pé òdòdó mélòó lo ti yọ. Òdòdó náà kò ya burúkú. Ó kàn ń wá nǹkan dì mú ni, ohun tó wà nítòsí ló sì rí.

Ẹ̀yin ará, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn, orí rẹ̀ ń yí po. Ẹ lè má rí i. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń tẹ fóònù, ẹ rò pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ń wá ni! Ta ni mo máa jọ? Kí ló ń mú kí àwọn èèyàn kí ẹnìkan ní "ọ̀gá mi"? Tí bàbá ò bá sí nítòsí, bọ̀dá tó ń ta tẹ́tẹ́ lójúde wà nítòsí. Tí ìyá ò ráyè sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣe yàhúù tí wọ́n ń gbé mọ́tò olówó ńlá kọjá ráyè. Tí ìjọ kò mọ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ìta mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Ohun tó wà nítòsí ni ìtàkùn ń gùn.

Àwọn tó mú ìhìnrere wá sí ìlú wa mọ èyí. Nígbà tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá fìdí kalẹ̀ ní Kúdẹtì ní 1853, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n wàásù fún àgbà. Ṣùgbọ́n ìyáàfin náà kò dúró dìgbà tí àwọn ọmọdé máa dàgbà. Ó gba àwọn ọmọ sínú ilé rẹ̀ gan-an. Olóyè Olúńlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì sílé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin kan, Akínyẹlé, àti obìnrin kan, Yéjídé. Ọmọ méjì! Bóyá àwọn kan rò pé kí ni ọmọ méjì máa ṣe nínú ìlú ajagun tó tó báyìí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860 tí ọ̀nà dí, tí ebi wọlé, ìyáàfin yìí ń ta nǹkan inú ilé kí àwọn ọmọ lè rí jẹ. Kò tú ọ̀pá náà nígbà ìyàn. Ọdún 1869 ni wọ́n kúrò ní Ìbàdàn, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ìjọ Kúdẹtì wà dòní. Ẹni tó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ nígbà tí òdòdó kò ju ewé méjì lọ, ẹ̀yìn ọ̀la ló ń rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan lórí ọ̀pá. Irú ọ̀pá wo ni? Tí o bá ri igi tí ikán ti jẹ nínú, òdòdó á gùn ún, á rẹwà, á yọ òdòdó. Ọjọ́ tí ìjì bá jà, igi á dá, òun àti òdòdó ló jọ máa wólẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gun bàbá tó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sì jẹ́ ìjì nínú ilé. Ọmọ ò gun ohun tí a sọ, ohun tí a jẹ́ ló ń gùn. Ìdí nìyí tí Jòhánù 15 fi jẹ́ ti àwa àgbà kó tó jẹ́ ti ọmọ. Jésù ni àjàrà tòótọ́, àwa ni ẹ̀ka. Ọ̀pá tí kò bá wọlẹ̀ dáadáa kò lè gbé ẹlòmíràn ró. Ìyá tí kì í gbàdúrà, orí kí ni ọmọ rẹ̀ máa gbà kọ́ àdúrà?

*4. AJÍLẸ̀ TÓ PỌ̀ JÙ, EWÉ LÁSÁN*

Díẹ̀ ni mo máa sọ níbí. Tí ilẹ̀ inú ìkòkò bá lọ́ràá jù, tí o ń da ajílẹ̀ sí i lójoojúmọ́, òdòdó yìí á so ewé wìtìwìtì, á gùn dé òrùlé, ṣùgbọ́n o lè wojú òdòdó tì. Ewé nìkan ni. Nǹkan bí oṣù 2 sí 3 lẹ́yìn tí o gbìn ín ló yẹ kó ti máa tanná, ṣùgbọ́n tí kò bá jìyà kankan, kò rí ìdí tó fi máa tanná.

Ọmọ tí gbogbo nǹkan tó bá na ọwọ́ sí ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń fọ abọ́ fún, tí wọ́n ń bá wí ẹ̀bẹ̀ kó tó jẹun, ewé ló ń so yẹn. Ó ga, ó sanra, ó mọ Òyìnbó. Òdòdó dà? Jẹ́ kó pọnmi. Jẹ́ kó dúró de nǹkan. Ìfẹ́ kọ́ ni gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni".

*5. TÓ BÁ TI GUN OHUN TÍ KÒ YẸ ŃKỌ́?*

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń ka èyí láàárọ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ sì ti ń gbọgbẹ́ láti orí kókó àkọ́kọ́. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ó ti pẹ́ jù. Ọmọ mi ti gun wáyà." Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, má pa fóònù.

Bí òdòdó bá ti gun igi ata, ẹni tó bá bínú fà á tu lójijì, á já a ni, á sì já ata náà. Kò sí ìtàkùn tí wọ́n fi agbára tú tí kò já. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tú u. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí, níbi tó ti rọ̀, wọ́n á máa yí i padà ní ìká kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ti ní ọ̀pá mìíràn nílẹ̀ tí wọ́n máa gbé e lé. Tí o bá tú u láìní ọ̀pá mìíràn, ìdí ata yẹn náà ló máa padà sí.

Àṣírí kan sì wà tí àgbẹ̀ mọ̀. Tí o bá fẹ́ gbé ìtàkùn sórí ọ̀pá tuntun, wo apá ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń yí sí, kí o sì yí i bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo oko. Ọwọ́ iṣu funfun àti ti ewùrà ń yí sí apá kan. Ọwọ́ èsúrú ń yí sí apá kejì. Inú oko kan náà ni wọ́n wà, òjò kan náà ló rọ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Ọlọ́run fi dá èyí kọ́ ló fi dá ìyẹn. Bí o bá fi agbára yí ọwọ́ èsúrú bí ti iṣu, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bá yá. Kì í ṣe orí kunkun. Bí wọ́n ṣe dá a ni.

Òwe 22:6 ní ká tọ́ ọmọdé ní ọ̀nà tí yóò tọ̀. Àwọn kan tó mọ èdè Hébérù sọ pé a lè gbọ́ ọ síbẹ̀ bíi pé: gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tirẹ̀. Àbúrò kò ní ká fi tipátipá yí i bí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń fetí sí ìwé, àbúrò ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. O ti ń sọ fún un láti ọdún mẹ́wàá pé, "Wo ẹ̀gbọ́n rẹ." Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e lọ sí ìta. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn ni Kírísítì, a ò ní méjì. Ṣùgbọ́n èsúrú lè gba apá tirẹ̀ gun ọ̀pá kan náà dókè.

Nítorí náà, ìyá, tí ó bá pè ọ́ lónìí, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́. Bi í pé ṣé ó ti jẹun. Bàbá, tó bá wọlé láago mọ́kànlá alẹ́, jẹ́ kó bá oúnjẹ nínú abọ́, kí ọ̀rọ̀ tó kù di òwúrọ̀. Ẹni tí Àìsáyà 42 ń sọ nípa rẹ̀ kì í ṣẹ́ esùsú tó ti fọ́, kì í sì í pa òwú fìtílà tó ń rú èéfín. Bàbá ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù 15 kò lọ fi okùn wọ́ ọmọ rẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ó ń wo ọ̀nà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó rí i lókèèrè, àgbàlagbà yẹn sáré!

Ẹ padà wo ọgbà òdòdó Agodi yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, omi Ògùnpa kún, ó ya wọ ìlú, ó gba ẹ̀mí, ó gbé ilé lọ. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé omíyalé yẹn. Ọgbà yìí náà kò yọ sílẹ̀, omi bà á jẹ́. Ẹni tó bá wò ó nígbà yẹn ì bá sọ pé ó tán. Lónìí, wọ́n ti tún un ṣe, ewé ti bò ó, àwọn ọmọdé ń sáré níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ibi tí omi ti gbà kọjá ni òdòdó ti ń yọ yẹn. Ọlọ́run tó lè jẹ́ kí ọgbà padà wá lẹ́yìn omíyalé, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ kò lè ti Í. Kódà tí ọmọ náà bá wà nínú ọgbà kejì, èyí tí géètì rẹ̀ le, odi yẹn kò ga ju ọwọ́ Jésù lọ.

*OHUN TÍ A Ó ṢE LÓNÌÍ*

▪️ Dárúkọ ọmọ kan tàbí ọ̀dọ́ kan tí Ọlọ́run fi sítòsí rẹ, ìbáà má jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ. Bá a sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí láìtẹ fóònù.

▪️ Yẹ ọ̀pá rẹ wò. Kí ni ìwà kan nínú ilé rẹ tí o kò ní fẹ́ kí ọmọ yẹn gùn? Mú un tọ Olúwa lọ.

▪️ Ẹni tó bá ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣófo, kó bá ọmọ náà gbin òdòdó sí i. Ọ̀pá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rì! Ọjọ́ tó bá là lówùúrọ̀, ẹ jọ jókòó tì í. Òdòdó morning glory kọ̀ọ̀kan kì í ju ọjọ́ kan lọ, ìrọ̀lẹ́ á ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òmíràn á ti là lọ́jọ́ kejì. Ẹ lè fi ibẹ̀ ka Ẹkún Jeremáyà 3:22-23, níbi tó ti sọ pé òwúrọ̀ òwúrọ̀ ni àánú Olúwa ń di tuntun.

*Ẹ JẸ́ KÍ Á GBÀDÚRÀ* 🙏

Bàbá, a dúpẹ́ fún ilẹ̀ tó mọ́ ire. Dárí jì wá níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti gún ọmọ lójú hóró. Olúwa, wò ó sàn.

Jésù, ri wá mọ́lẹ̀ nínú ara Rẹ, kí a má ṣe jẹ́ ọ̀pá tí ikán ti jẹ. Jẹ́ kí ẹni tó bá fara tì wá bá Ọ pàdé.

Gbogbo ọmọ wa tó ti gun ohun tí kò yẹ, nílé, lójúde, lókè òkun, lọ́gbà ẹ̀wọ̀n: fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ Rẹ tú wọn. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n já. Fún àwa òbí ní sùúrù tó gùn tó ìtàkùn náà.

Àwọn tó ń wá ọmọ láàárín wa, Olúwa, fún wọn ní irúgbìn. Jẹ́ kí ọ̀pá wọn ti wà nílẹ̀ dè é. Ní orúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.

Ẹ jáde lọ ní àlàáfíà. Ọjọ́ òní á san wá o. Tí ẹ bá mọ òbí kan tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ń dùn, ẹ bá wa fi èyí ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì fi àdúrà tẹ̀lé e.